Lílé àti gbígbè ní Cape Breton: àkọsílẹ̀ ìrìn-àjò sọ́dọ̀ àwọn olórin Gaelic

Ọjọ́rú, Halifax dé Antigonish

Fẹ́mi, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin, ń kàwé ní Cape Breton University ní ìlú Sydney, lórí erékùṣù Cape Breton ní Nova Scotia, Kánádà. Láti ọdún tó kọjá ló ti ń yọ mí lẹ́nu: "Àǹtí, ẹ ò tíì wá wò mí o." Mo ní mo ń bọ̀, àmọ́ mi ò ní gba ọ̀nà tààrà. Apá ibẹ̀ ni àwọn Gael wà, ìran àwọn ará òkè àti erékùṣù Scotland tó ṣí wá sí Kánádà láyé àwọn baba ńlá wọn, tí àwọn kan nínú wọn ṣì ń fi Gaelic, èdè ilé wọn, kọrin. Mo fẹ́ jókòó tì wọ́n kí n fi etí ara mi gbọ́ ọ. Àwa tí à ń tọ́mọ lókè òkun, ọ̀rọ̀ náà kàn wá.

Pictou ni mo kọ́kọ́ yà sí. Ibẹ̀ ni ọkọ̀ Hector gúnlẹ̀ sí ní oṣù kẹsàn-án ọdún 1773, pẹ̀lú èrò bí igba láti òkè Scotland. Ìgbóná àti ìgbẹ́ ọ̀rìn pa ọmọ 18 lójú òkun. Wọ́n ti kan ọkọ̀ mìíràn tó jọ ọ́ sétí omi, mo sì wò ó títí. Ọkọ̀ kékeré ni. Mi ò mọ bí igba ènìyàn ṣe rí ibi sùn nínú rẹ̀.

Lẹ́yìn Hector, ọkọ̀ ò yéé dé mọ́. Àwọn onílẹ̀ ní Scotland rí i pé àgùtàn ń mówó wọlé ju àgbẹ̀ tó ń san ìṣákọ́lẹ̀ lọ, wọ́n bá ń lé ènìyàn kúrò lórí ilẹ̀. Ewé òkun tí àwọn ará erékùṣù máa ń sun fún títà náà kò tún mówó wá mọ́. Àwọn kan sì wà tí ẹnikẹ́ni ò lé, tí wọ́n gbọ́ pé ilẹ̀ wà ní Nova Scotia, tí wọ́n kó ẹrù wọn.

Ọ̀kan nínú àwọn tó gbọ́ ìròyìn rere yẹn ni Iain MacGilleathain, ọmọ erékùṣù Tiree ní Scotland, akéwì fún olóyè erékùṣù Coll, tó kó ìyàwó àti ọmọ wá ní 1819. Ohun tó fi ewì sọ lẹ́yìn tó dé kì í ṣe ọpẹ́. Igbó dúdú yí i ká, òtútù ń jẹ ẹ́, gbogbo ohun tí wọ́n sọ fún un kó tó wọkọ̀, irọ́ ni. Mo rẹ́rìn-ín nígbà tí mo kà á. Bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé Kánádà ṣe máa ń ránṣẹ́ ohùn sílé lórí WhatsApp nínú oṣù kìíní gan-an nìyẹn.

Antigonish ni mo sùn. St. Francis Xavier University tó wà níbẹ̀ ló ni àkójọ ohùn tí wọ́n ń pè ní Sruth nan Gàidheal, tí ènìyàn lè gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Láti 1977 dé 1982, John Shaw ń gbé ẹ̀rọ agbohùnsílẹ̀ kiri ilé àwọn àgbà ní Cape Breton, ó ń gba orin àti àlọ́ lẹ́nu wọn. Mo fi etí sí i lórí ibùsùn títí oorun fi gbé mi lọ. Ohun kan ń ṣe mí ṣáá tí mi ò mọ̀ títí ilẹ̀ fi mọ́: orin náà ní ibi tí ó yẹ kí àwùjọ ti gbè é, kò sì sẹ́ni tó ń gbè é.

Ọjọ́bọ̀, ọ̀nà 19

Títí di 1955, ọkọ̀ ojú omi ni wọ́n fi ń wọ Cape Breton. Ọdún náà ni wọ́n fọ́ òkè kan tó wà létí òkun, wọ́n da òkúta rẹ̀ sínú omi, wọ́n sì la títì gba orí rẹ̀ kọjá. Mo ti kọjá kí n tó mọ̀. Kò yà mí lẹ́nu pé èdè náà pẹ́ lórí erékùṣù yìí ju bó ṣe pẹ́ níbòmíràn lọ.

Bí mo ṣe yà sí ọ̀nà 19, pátákó ojú ọ̀nà bẹ̀rẹ̀ sí í sọ èdè méjì: Siùdaig lábẹ́ Judique, Màbu lábẹ́ Mabou, Inbhir Nis lábẹ́ Inverness. Ẹ má jẹ́ kí pátákó tàn yín o. Nínú ìkànìyàn 2021, díẹ̀ ni àwọn tó ní àwọn lè sọ Gaelic ní gbogbo Nova Scotia fi lé ní 600.

Bẹ́ẹ̀, lópin ọ̀rúndún kọkàndínlógún, lẹ́yìn Gẹ̀ẹ́sì àti Faransé, Gaelic ló kàn láàárín èdè tí àwọn tó wá láti Yúróòpù ń sọ ní Kánádà. Ní 1890, Sẹ́nétọ̀ Thomas Robert McInnes, ọmọ bíbí Lake Ainslie tí kò jìnnà sí ọ̀nà tí mò ń tọ̀ yìí, gbé àbá òfin lọ sí Ottawa pé kí Gaelic di èdè ìjọba. Ó ka àwọn sẹ́nétọ̀ tó gbọ́ èdè náà fún wọn: mẹ́wàá tó jẹ́ ìran Scotland, mẹ́jọ tó jẹ́ ìran Ireland. Nígbà tí wọ́n dìbò, 42 ní rárá, 7 ní bẹ́ẹ̀ni. Méjìdínlógún gbọ́ èdè, ìbò méje ló rí. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà, mo tún ìṣirò yẹn ṣe.

Ilé ẹ̀kọ́ ló parí ìyókù. Àwọn àgbà ibí kò fi pamọ́ pé wọ́n ń na ọmọ tó bá fẹnu kan Gaelic ní kíláàsì. Àwọn òbí wo ojú ọjọ́, wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í fi Gẹ̀ẹ́sì bá ọmọ sọ̀rọ̀, wọ́n fi Gaelic pamọ́ fún àṣírí àgbà. Èmi tí wọ́n ti gbé pátákó "vernacular" kọ́ lọ́rùn rí, tí mo sanwó ìtanràn torí pé mo fi Yorùbá tọrọ pẹ́ńsù lọ́wọ́ ẹnìkejì mi, kò sẹ́ni tó máa ṣàlàyé ìyẹn fún mi.

Ní Mabou, ilé ẹ̀kọ́ kan wà tí wọ́n ṣí ní 2021, Taigh Sgoile na Drochaide, níbi tí àwọn ọmọdé ti ń fi Gaelic kọ́ ohun gbogbo. Wọ́n wà ní kíláàsì nígbà tí mo kọjá, mi ò fẹ́ dí wọn lọ́wọ́.

Dunvegan ni mo ń lọ ní tèmi, kì í sì í ṣe ibi tí àwọn arìnrìn-àjò ń dúró sí. Ilé mélòó kan, pápá, òkun. Níbẹ̀ ni Lauchie MacLellan gbé, wọ́n bí i ní 1910, ó kú ní 1991. Ọ̀kan nínú àwọn tí Shaw gba ohùn wọn sílẹ̀ ni, ìwé tó sì fi orin àti ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ ṣe jáde ní 2000. Inú ẹbí ni Lauchie ti kọ́ orin, níbi tí àwọn aládùúgbò ti ń yà sílé ara wọn lálẹ́, tí wọ́n ń sọ̀rọ̀, tí wọ́n ń pa ìtàn, tí wọ́n ń kọrin. Kò gba owó ìwọlé lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Ohun tó sì fà mí mọ́ra jù nípa rẹ̀ ni pé kì í kọrin lásán: ta ló dá a, ta ni wọ́n dá a fún, kí ló ṣẹlẹ̀ kó tó di orin, ó ní láti sọ ọ́. Orin tí a kò mọ ìtàn rẹ̀ kò tíì pé lójú rẹ̀. Ẹni tó bá ti rí i kí àgbà kan dá oríkì dúró láti ṣàlàyé ìlà kan mọ ohun tí mò ń wí.

Ọ̀rọ̀ ni wọ́n ń dù níhìn-ín, kì í ṣe ohùn dídùn. Ẹni tó mọ gbogbo ẹsẹ orin tó sì mọ̀ wọ́n bó ṣe yẹ, òun ni olórin, ohùn rẹ̀ ì báà ha.

Ẹtì, Iona

Òjò láti àárọ̀ dé alẹ́. Ní Little Narrows, ọkọ̀ kékeré kan tí wáyà ń fà gbé èmi àti mọ́tò mi sọdá omi, ó sì yá ju bí mo ṣe tò dúró dè é lọ.

Baile nan Gàidheal wà lórí òkè ní Iona, ó dojú kọ adágún Bras d'Or. Ilé àtijọ́ ni wọ́n kó jọ síbẹ̀: ilé olókùúta tí wọ́n fi koríko bo òrùlé rẹ̀ bí èyí tí wọ́n fi sílẹ̀ ní Scotland, ilé onígi gbọọrọ tí wọ́n kọ́kọ́ kọ́ nínú igbó, ilé ẹ̀kọ́, ṣọ́ọ̀bù, àgbẹ̀dẹ. Ṣọ́ọ̀ṣì kan tún wà tí wọ́n gbé odidi rẹ̀ lórí ọkọ̀ pẹlẹbẹ gba orí adágún wá láti Malagawatch ní 2003. Nínú ilé kọ̀ọ̀kan, òṣìṣẹ́ kan wọ aṣọ ayé ìgbà náà, ó dáná, ó ń ṣiṣẹ́ ilé, Gaelic ló sì fi ń kíni kó tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì.

Obìnrin tó wà nínú ilé onígi ń ran òwú. Mo ní kó kọrin fún mi. Ó bi mí pé orin wo, orin iṣẹ́, orin ìfẹ́, orin òkun, àbí orin tí wọ́n fi bú aládùúgbò? Mo ní èyí tí wọ́n fi bú ènìyàn. Ó rẹ́rìn-ín, ó kọ ọ́ dé ìparí, ó sì sọ fún mi ẹ̀ṣẹ̀ tí ẹni náà ṣẹ̀. Ọtí ló wà nídìí rẹ̀. Kì í ṣe lẹ́nu ìyá rẹ̀ ló ti gbọ́ Gaelic, ó ti dàgbà kó tó kọ́ ọ lọ́dọ̀ àwọn àgbà agbègbè náà, nílé wọn, nídìí tíì.

Erékùṣù Barra ni ọ̀pọ̀ àwọn baba ńlá ibí ti wá. Ní 1937, John Lorne Campbell àti ìyàwó rẹ̀, Margaret Fay Shaw, wá láti Scotland pẹ̀lú ẹ̀rọ Ediphone, irú èyí tó ń kọ ohùn sórí ìda. Campbell ti gbé ní Barra, ó fẹ́ mọ̀ bóyá orin tó gbọ́ níbẹ̀ wà lẹ́nu àwọn tí àgbà wọn ti ṣí kúrò láti nǹkan bí ọgọ́rùn-ún ọdún. Ó bá wọn lẹ́nu wọn. Òkun kò gbà wọ́n.

Fẹ́mi dé Baddeck lálẹ́ nínú mọ́tò ọ̀rẹ́ rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ sórí ilẹ̀ tútù níwájú òtẹ́ẹ̀lì, ni àwọn òyìnbó méjì bá sáré wá láti gbé e dìde.

Àbámẹ́ta, North Shore

Celtic Colours ló ń lọ lọ́wọ́, àjọ̀dún tí wọ́n ti ń ṣe káàkiri erékùṣù nínú oṣù kẹwàá láti 1997. A kọjá St. Ann's, níbi tí wọ́n dá ilé ẹ̀kọ́ Gaelic sílẹ̀ sí ní 1938, a sì tẹ̀ síwájú dé gbọ̀ngàn ìlú kékeré kan létí òkun. Mo ti ka ìwé nípa ohun tí a wá wò. Ìwé kò sọ tó.

Tábìlì gígùn kan wà láàárín. Ènìyàn bíi méjìlá jókòó yí i ká, lọ́kùnrin lóbìnrin, bùláńkẹ́ẹ̀tì irun àgùtàn kan tó nípọn wà lọ́wọ́ gbogbo wọn. Ọ̀kan lé orin. Wọ́n gbá aṣọ mọ́ tábìlì, wọ́n fà á, wọ́n tún gbá a, wọ́n tì í sọ́dọ̀ ẹni tó kàn, ó ń yí lọ. Gbogbo ilé gbè é. Ilẹ̀ pákó gbọ̀n débi pé mo mọ ìlù náà ní àtẹ́lẹsẹ̀ kí n tó mọ ohun orin.

Iṣẹ́ ni láyé àtijọ́. Aṣọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kúrò lórí òfì kò dì, atẹ́gùn ń gbà á kọjá. Wọ́n á rẹ ẹ́, wọ́n á lù ú títí yóò fi sún kì, tí yóò fi lè gba ènìyàn lọ́wọ́ òtútù. Ìtọ̀ tó ti pẹ́ nínú àgbá ni wọ́n fi ń rẹ ẹ́. Tòní, ọpẹ́ ni, aṣọ náà gbẹ. Ní àwọn erékùṣù Scotland, iṣẹ́ obìnrin ni, orin ni wọ́n sì fi ń ka àkókò: aṣọ yìí ku orin méjì, aṣọ yìí ku orin mẹ́ta. Nígbà tó dé Cape Breton, ọkùnrin jókòó sídìí tábìlì, ó di ohun tí wọ́n fi ń pe ara wọn jọ lálẹ́, oúnjẹ wà, ijó wà, ìfẹ́sọ́nà wà.

Aṣọ ṣọ́ọ̀bù dé, kò sẹ́ni tó nílò kó máa lu aṣọ mọ́. Wọ́n ń lù ú síbẹ̀. Bùláńkẹ́ẹ̀tì kan náà ni láti ọdún dé ọdún, ó ti dì jù, kò sẹ́ni tó fẹ́ fi bora. Láyé ìjọ́sí aṣọ ló nílò orin. Nísinsin yìí orin ló nílò aṣọ.

Bàbá kan wà ní igun tábìlì, ó lé ní ọgọ́rin ọdún lójú mi, ohùn rẹ̀ ti fọ́. Bó bá ti lé orin, ọwọ́ gbogbo wọn á ti mọ ibi tó ń lọ. Ní àárín orin gígùn kan, ẹsẹ tó kàn sọ nù mọ́ ọn lọ́kàn. Kò dúró. Ó tún ègbè gbé, wọ́n gbè é lẹ́ẹ̀kan sí i, obìnrin tó kọjú sí i sọ ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ ẹsẹ náà wẹ́rẹ́, bàbá gbà á lẹ́nu rẹ̀, ó ń bá a lọ. Èrò ìbẹ̀wò tó wà lẹ́yìn mi kò mọ̀ pé nǹkan kan ṣẹlẹ̀.

Wọ́n ní kí àwọn tó ń wòran wá. Fẹ́mi ti wà níbẹ̀ kí wọ́n tó sọ̀rọ̀ tán. "Àǹtí, ẹ máa bọ̀ jàre!" Mo jókòó. Wọ́n kọ́ wa ní ègbè náà. Ọ̀pọ̀ nínú rẹ̀ ohùn lásán ni, kò ní ìtumọ̀ tí ènìyàn ń bèèrè, ìdí nìyẹn tí àlejò fi lè dá sí i lójú ẹsẹ̀. Lẹ́yìn orin mẹ́ta, apá ń ro mí. Fẹ́mi ń gbè é bí ẹni tí wọ́n bí síbẹ̀.

Nígbà ìsinmi, wọ́n pín tíì àti bísíkíìtì pẹlẹbẹ tí wọ́n fi óòtì ṣe, èyí tí ó gbẹ díẹ̀ fún ọ̀fun mi. Mo lọ kí bàbá náà. Mo bi í bóyá àwọn ọmọ rẹ̀ ń kọrin. Ó ní wọn ò gbọ́ Gaelic, òun àti ìyá wọn kò fi kọ́ wọn. Ó na ìka sí ọmọbìnrin kan tó ń kó ife: ọmọ ọmọ òun nìyẹn, òun ló lọ kọ́ ọ fúnra rẹ̀. Mo ní ohùn ọmọ náà dára. Bàbá jọ pé kò kọbi ara sí ìyẹn. Ó ní ó mọ ègbè orin tó pọ̀, ohun tó dùn mọ́ òun nínú nìyẹn, torí láàárín ọdún mélòó kan, òun nìkan ló ń lé orin nílé, kò sẹ́ni tó ń gbè é, ó sì ti fẹ́rẹ̀ẹ́ sú òun.

Láti ìgbà tó ti sọ bẹ́ẹ̀ ni mo ti ń rò ó. Ní Halifax, a máa ń kó àwọn ọmọ wa jọ láti kọ́ wọn ní Yorùbá. A ń wá olóhùn iyọ̀ kan tó máa kọrin fún wọn, bí a ò bá rí i, a tan fídíò. Àwọn ọmọ jókòó, wọ́n ń wò. Bí ó bá parí, wọ́n pàtẹ́wọ́. A ti sọ wọ́n di òǹwòran. Orin tiwa tí kò ní ègbè mélòó ló wà? Kí wọ́n fún wọn ní ègbè àti nǹkan tí ọwọ́ wọn máa ṣe, ẹsẹ orin á máa bọ̀ lẹ́yìn. Èmi ò tún fẹ́ rí fídíò níbẹ̀ mọ́.

Mi ò bá àwọn tó ń kọrin lórí ìtàgé jà o. Ní 1995, ohùn Mary Jane Lamond gbé Gaelic dé orí rédíò káàkiri Kánádà, òun àti Ashley MacIsaac tó ń ta gòjé. Ontario àti Quebec ni Lamond dàgbà sí, ìbẹ̀wò sílé àwọn òbí òbí rẹ̀ ní North Shore yìí ló mú un mọ orin náà, ẹsẹ̀ àwọn àgbà ìdí tábìlì ló sì ti kọ́ ọ. Ibi tí omi ti sun nìyí, ìtàgé kàn ń bù ú ni.

Àìkú

Ó rẹ̀ wá. A rìn díẹ̀ ní Christmas Island, níbi tí wọ́n ti dá àjọ̀dún Féis an Eilein sílẹ̀ ní 1990 kí ọ̀dọ́ lè bá àgbà jókòó. Ojú ọ̀nà dá.

Ẹ̀gbẹ́ ibẹ̀ ni Eskasoni wà, ìlú àwọn Mi'kmaw, àwọn tó ni ilẹ̀ kí Gael kankan tó wọ ọkọ̀. Unama'ki ni wọ́n ń pe erékùṣù náà. Àwọn tí wọ́n lé kúrò lórí ilẹ̀ wọn ní Scotland, ilẹ̀ àwọn wọ̀nyí ni wọ́n wá pín fún wọn. Láti 1930 dé 1967, wọ́n ń kó ọmọ Mi'kmaw lọ sí ilé ẹ̀kọ́ àgbégbé ní Shubenacadie, wọ́n sì ń nà wọ́n bí wọ́n bá sọ èdè ìyá wọn. Èdè méjì ti erékùṣù kan ṣoṣo ni ọ̀pá ilé ẹ̀kọ́ lù, ti ẹni tó ṣí wá àti ti onílẹ̀. Fẹ́mi kò sọ̀rọ̀ títí a fi dé Sydney.

Ó se ìrẹsì jọ̀lọ́ọ̀fù fún mi nílé rẹ̀. Ata rẹ̀ kò tó, mo sì sọ fún un.

Ajé, Sydney

Mo ti kọ̀wé ránṣẹ́ ṣáájú sí Beaton Institute tó wà nínú ọgbà yunifásítì Fẹ́mi. Láti inú àkójọ tí Sister Margaret Beaton bẹ̀rẹ̀ ní 1957 ni ó ti dàgbà. Wọ́n ní Mac-Talla, ìwé ìròyìn tí Jonathan G. MacKinnon ń tẹ̀ ní Sydney níhìn-ín láti 1892 dé 1904, Gaelic látòkè délẹ̀. Mi ò lè kà á, mo kàn ń ṣí ojú ewé: ìròyìn ayé, orin, ìpolówó ọjà. Ẹni tó ń polówó bàtà ní Gaelic gbà pé olówó wà tó ń ka Gaelic. Ìyẹn dùn mọ́ mi ju ewì inú rẹ̀ lọ.

Lẹ́yìn náà wọ́n fún wa ní ohùn láti gbọ́, èmi àti Fẹ́mi, kálukú pẹ̀lú ìgbọ́hùn létí. Ọkùnrin kan lé orin luadh, ìyẹn orin aṣọ lílù, òun nìkan. Ó dé ibi ègbè, ó rọra kọ ọ́ fúnra rẹ̀. Ẹsẹ kejì, ẹsẹ kẹta. Fẹ́mi mọ̀ ọ́n, ọ̀kan nínú èyí tí wọ́n kọ́ wa lọ́jọ́ Àbámẹ́ta ni. Ìgbọ́hùn dí i létí, kò mọ bí ohùn rẹ̀ ṣe lọ tó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbè é tagbáratagbára, ó ń fi ìkúùkù lu tábìlì. Obìnrin tó wà nídìí káńtà gbójú sókè. Mo fẹ́ fọwọ́ kàn án kó dákẹ́. Obìnrin náà mì orí pé kí n fi í sílẹ̀, ó sì gbè é pẹ̀lú rẹ̀ dé òpin orin náà.

Fẹ́mi yọ ìgbọ́hùn létí, ó ní, "Àǹtí, kí ló dé tí gbogbo yín ń wò mí?"

Ó sọ fún mi níwájú mọ́tò pé àwọn kan máa ń pàdé nínú ọgbà náà láti kọ́ Gaelic, òun máa yọjú sí wọn lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ bí ìdánwò bá gba òun láyè. Mo ní kó kọ́kọ́ yọjú sí ìdánwò. Agogo kan ti lù kí n tó wọ títì, mo sì fẹ́ dé Antigonish kí ilẹ̀ tó ṣú.